Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn kọmíṣọ́nnà wa lórí aago eré ìje àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́

Sí ẹ̀yin Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ẹ̀kọ́ àti ẹ̀yin Kọmíṣọ́nnà fún Ọ̀dọ́ àti Eré Ìdárayá ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì; sí ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama àti ti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́; àti sí ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń sáré.

 

N ó lọ tààrà síbi ọ̀rọ̀, nítorí mo mọ̀ pé ìwé pọ̀ níwájú yín. Mo fẹ́ kí ẹ bá wa ṣe é kí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní, ó kéré tán, aago eré ìje kan tí kì í lo wáyà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa fi ọwọ́ ara wọn ṣe, tí wọ́n sì lè tún ṣe bó bá bàjẹ́. Olùkọ́ físíìsì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Bí ìdíje eré ìdárayá inter-house bá ti dé, àwa olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n máa ń pè síbi ilà ìparí pé ká wá di stopwatch mú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ka eré àwọn ọmọ wọ̀nyí báyìí. Olùkọ́ tó ń darí ìbẹ̀rẹ̀ á dúró pẹ̀lú pákó méjì tí wọ́n fi híńjì so pọ̀. Á ní kí wọ́n múra, á gbá pákó náà pọ̀, pàá! àwọn ọmọ á sì bẹ́ lu eré. Àwọn aláago wà ní ọgọ́rùn-ún mítà sí i. Ìró kì í yára tó bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò: nǹkan bíi mítà 340 ló ń rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ìró pákó tó dé etí aláago, nǹkan bíi 0.29 ìṣẹ́jú àáyá ti kọjá, àwọn ọmọ sì ti gbẹ́sẹ̀. Òfin eré ìje ní iná tàbí èéfín ìbọn ni kí aláago máa wò, kó má dúró de ìró rárá. Ṣùgbọ́n pákó kì í rú èéfín. Nítorí náà, aláago kan á máa wo ọwọ́ ẹni tó ń gbá pákó, èkejì á fi etí sílẹ̀, ẹ̀kẹta á dúró títí yóò fi rí i pé ọmọ àkọ́kọ́ ti ṣí. Eré kan náà ni gbogbo wọn ń kà, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kà á sì ti di mẹ́ta.

Níbi ilà ìparí, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ máa ń bá àtàǹpàkò lójijì ni, kó tó tẹ aago, ó ti pẹ́ díẹ̀. Ìparí kò rí bẹ́ẹ̀. Aláago ti ń wo ọmọ náà bọ̀ láti òkèèrè, àtàǹpàkò rẹ̀ ti ń retí, á sì tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́ bí ọmọ náà ṣe ń dé, tàbí kó tó dé pàápàá. Ó pẹ́ níbẹ̀rẹ̀, ó yá níparí, aago á wá sọ pé ọmọ náà yára ju bó ṣe yára lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣètò eré ìje ní Amẹ́ríkà fi máa ń fi 0.24 ìṣẹ́jú àáyá kún àkókò tí wọ́n bá fi ọwọ́ kà nínú eré mítà 100 àti 200, kí wọ́n tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ̀rọ kà. Nínú mítà 400, 0.14 ni wọ́n ń fi kún un. Láti ọdún 1977 sì ni àjọ eré ìje àgbáyé kò ti gba aago ọwọ́ mọ́ fún àkọsílẹ̀ àgbáyé nínú eré tí kò bá ju mítà 400 lọ.

Ẹ fi 0.24 yẹn sọ́kàn, kí ẹ bá mi wo Atlanta ní ọdún 1996. Fàlílátù Ògúnkọ̀yà, ọmọ Òde Lẹ́mọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, sá mítà 400 ní 49.10 nínú àṣekágbá Olympics, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ. Pauline Davis, ọmọ Bahamas, ló tẹ̀ lé e ní 49.28. Ìṣẹ́jú àáyá 0.18 ló wà láàárín ẹni tó gun pèpéle àti ẹni tó lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹ tún wo Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú Òde, ní ìlú Eugene, ní oṣù Keje ọdún 2022. Ó fo igi mítà 100 ní 12.12, ó sì gba àkọsílẹ̀ àgbáyé lọ́wọ́ Kendra Harrison tó ti sá 12.20 ní London ní ọdún 2016. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.08. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó tó 0.24 tí àtàǹpàkò olùkọ́ lè fi ṣìnà lórí pápá wa.

Ìtàn kan tún wà tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2006, ní Doha, Justin Gatlin sá mítà 100, wọ́n sì kéde 9.76, pé àkọsílẹ̀ àgbáyé tuntun nìyẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni àjọ eré ìje jáde wá sọ pé 9.766 ni ẹ̀rọ kà, pé òfin sì ní kí wọ́n máa gbé irú rẹ̀ sókè, kì í ṣe sísàlẹ̀, nítorí náà 9.77 ni, ó kàn bá ti Asafa Powell dọ́gba ni. Nígbà tó yá, wọ́n pa eré náà rẹ́ pátápátá nítorí ọ̀rọ̀ oògùn. Ẹni tó ṣe ìkejì lọ́jọ́ náà ni Olúṣọjí Fasuba tiwa, tó sá 9.85, iye tí ẹnikẹ́ni kò kọjá ní Áfíríkà títí di ọdún 2021. Ẹ wò ó: ibi tí ẹ̀rọ bá wà, ìdá mẹ́fà nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá tó ohun tí àjọ àgbáyé ń jókòó lé lórí. Ọmọ wa tó ń sáré lórí koríko, kò sẹ́ni tó máa jókòó nítorí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tirẹ̀.

Mo ti rí i tí aago mẹ́ta ka ọmọbìnrin kan ní 12.4, 12.6 àti 13.1 nínú eré mítà 100 kan ṣoṣo. Ohun tí òfin wí ni pé tí aago mẹ́ta kò bá fi ẹnu kò, ti àárín ni kí a mú. Wọ́n kọ 12.4 sílẹ̀ fún un, torí òun ló dùn ún gbọ́, gbogbo pápá sì hó. Ọmọ náà gbà á gbọ́. Nígbà tó dé ìdíje kan tí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ, ó sá 13.02, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ó ní ẹsẹ̀ òun ti kú. Kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Iye tí wọ́n kọ fún un tẹ́lẹ̀ ni kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ mìíràn á wà tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yí sódì: aláago tó ń sùn lọ kà á ní 13.1, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nílé nígbà tí wọ́n ń kó àwọn tí yóò ṣojú ìjọba ìbílẹ̀. Èyí tó ń dùn mí jù nìyẹn, nítorí kò sí ìdíje kejì tí yóò ti mọ̀ pé wọ́n ṣì í kà.

Ẹ̀yin òbí náà mọ ohun tó wà níwájú ọmọ tó bá lè sáré. Tóbi Amúsàn lọ sí Yunifásítì Texas ní El Paso, eré ìje ló sì gbé e débẹ̀. Kóòṣì yunifásítì tó wà ní Amẹ́ríkà kò lè wá jókòó sí Ìjẹ̀bú tàbí Ìkirè láti wo ọmọ. Iye ló máa béèrè, ó sì máa béèrè bóyá ẹ̀rọ ló kà á tàbí ọwọ́. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ lè san owó ọkọ̀ lọ sí Èkó á rí ibi tí ẹ̀rọ wà, á sì rí iye tó ṣe é fi ránṣẹ́. Ọmọ àgbẹ̀ tó yára jù ú lọ á wà nílé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ọkàn tán.

Kí ni a lè ṣe sí i? Ẹ̀rọ photo-finish gidi, irú èyí tí wọ́n ń lò ní Olympics, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni. Mi ò sọ pé kí ẹ rà á fún ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn tó fẹ́ràn eré ọkọ̀ ti ṣe nílẹ̀ òkèèrè. Ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn tó ní iṣẹ́ tiwọn máa ń gbé ọkọ̀, alùpùpù tàbí kart wọn lọ sí pápá eré ní ọjọ́ ìsinmi, wọ́n á san owó wọlé, wọ́n á máa yí pápá ká. Níbi ìdíje àwọn ọ̀jẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan máa ń wà lára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń fọhùn sí wáyà tí wọ́n rì sínú ọ̀nà. Owó rẹ̀ ga ju ohun tí ẹni tó ń ṣeré lásán lè san. Nítorí náà, àwọn kan nínú wọn jókòó, wọ́n ṣe tiwọn: iná kan lápá ọ̀tún ọ̀nà, ojú kan lápá òsì, rédíò kékeré tó ń gbé ìròyìn lọ sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń fi drone díje náà ṣe tiwọn. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ RotorHazard tó máa ń tẹ́tí sí ìgbì fídíò tí drone kọ̀ọ̀kan ń sọ jáde. Ìgbà tí ìgbì náà bá lágbára jù lọ ni drone yẹn ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Àwòrán bí wọ́n ṣe ṣe é wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe é. Àwọn tó ṣe é kò dúró de ilé iṣẹ́ ńlá kankan.

Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le ju ìyẹn lọ, ẹ jẹ́ kí n sì tú u palẹ̀ kí ẹ lè rí i pé kì í ṣe àlá.

Àpótí méjì ni, ọ̀kan níbi ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan níbi ìparí. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ESP32 kan ló wà, ìyẹn pátákó ẹ̀rọ kékeré tí kò gùn tó ìka ọwọ́, tó ní rédíò tirẹ̀ nínú, tí owó rẹ̀ kì í ju nǹkan bíi dọ́là 5 sí 10 lọ. Power bank tí àwọn ọmọ fi ń gba iná sí fóònù ló máa gbé e láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Níbi ìbẹ̀rẹ̀, a ó fi gúlúù lẹ piezo mọ́ ara pákó ìbẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Piezo ni irin pẹlẹbẹ róbótó tó máa ń dún nínú aago ìtanijí. Bí a bá gbá pákó, irin náà á gbọ̀n, á sì tú iná díẹ̀ jáde, àpótí á mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìró kò ní láti rin afẹ́fẹ́ kọjá kó tó dé ibi ìparí mọ́. Rédíò ló máa gbé e, rédíò sì ń rin mítà 100 láàárín àkókò tí kò tó ìdá mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá.

Síbẹ̀ o, ibi kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí máa ń kọsẹ̀ sí. Rédíò yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpótí tó ń fi iṣẹ́ rán an lè pẹ́ díẹ̀, iṣẹ́ náà lè sọ nù lọ́nà kí wọ́n tún un rán, ìdádúró náà kì í sì í dọ́gba lójoojúmọ́. Nítorí náà, àpótí ìparí kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìgbà tí iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àpótí ìbẹ̀rẹ̀ ni kó kọ àkókò tí a gbá pákó sílẹ̀ lórí aago tirẹ̀, kó fi àkókò náà ránṣẹ́. Bó bá pẹ́ lọ́nà, kò já mọ́ nǹkan kan, torí òótọ́ ti wà nínú iṣẹ́ náà. Kí aago méjèèjì sì lè bára mu, àpótí ìparí á béèrè àkókò lọ́wọ́ ti ìbẹ̀rẹ̀, á wo iye ìgbà tí ìbéèrè àti èsì fi lọ tó fi bọ̀, á pín in sí méjì, á sì mọ iye tó fi yàtọ̀ sí èkejì rẹ̀. Ẹ̀yà tó ń mú aago inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rìn lè fi ìdá 20 nínú mílíọ̀nù ṣìnà, èyí jẹ́ nǹkan bíi 0.0012 ìṣẹ́jú àáyá nínú ìṣẹ́jú kan, ó sì máa fi ju 0.07 lọ tí a bá fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Bí wọ́n bá ń bára wọn sọ̀rọ̀ kí eré kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, àṣìṣe yẹn kò ní ráyè dàgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ SS2 tó mọ ìṣirò lè ṣe àlàyé èyí fún yín láìkólòlò.

Níbi ìparí, iná infrared ló wà lápá kan, irú èyí tó wà lórí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, ojú tó ń gbà á sì wà lápá kejì. Bí ẹnì kan bá kọjá, iná gé. Iná náà gbọdọ̀ máa ṣẹ́jú ní ìgbà 38,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ojú náà lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Kí ẹnikẹ́ni má kàn lọ yọ ojú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ wá lò bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n ṣe irú ojú bẹ́ẹ̀ láti máa gba ọ̀rọ̀ kúkúrú láti ọ̀dọ̀ rìmóòtù ni. Tí iná bá tàn sí i láìdánudúró, á kà á sí ariwo, á sì di adití sí i. Irú tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹnu ọ̀nà wà lọ́jà, kò sì wọ́n jù ú lọ. Oòrùn ọ̀sán tiwa náà le. A ó ti ojú yẹn bọ inú páìpù omi kékeré tí a kun inú rẹ̀ ní dúdú, kó lè jẹ́ pé iná ẹnìkejì rẹ̀ nìkan ló ń rí.

Òfin sọ pé àyà àti ara ẹni tó ń sáré ni a ń wò nígbà tó bá kan ilà, kì í ṣe orí, kì í ṣe apá tàbí ẹsẹ̀. Apá sì ni ọmọ máa ń jù síwájú. Nítorí náà, iná méjì ni a ó fi sí i, ọ̀kan lókè èkejì, àpótí kò sì ní kà á àfi tí méjèèjì bá gé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Apá nìkan kì í sábà gé méjèèjì. Òpó rẹ̀ gbọdọ̀ ṣe é gbé sókè gbé sísàlẹ̀, torí àyà ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò sí níbi tí ti ọmọ SS3 wà.

Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ló ń sáré pọ̀, iná yìí kò sì lè mọ̀ ju ẹni àkọ́kọ́ lọ. Níbi yìí ni fóònù ti wọlé, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo ètò náà. Àwọn fóònù kan tó wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ báyìí lè ya fídíò ìṣísẹ̀-pẹ̀lẹ́, àwòrán 240 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. A ó gbé fóònù náà ka òpó ní ìdúró gbọingbọin, kó dojú kọ ilà ìparí láti ẹ̀gbẹ́ gẹ́lẹ́. A ó wá gbé iná LED pupa kan sí ibi tí kámẹ́rà ti lè rí i. Àpótí ìparí ló ń darí iná yẹn: bí pákó ìbẹ̀rẹ̀ bá ti dún, iná á máa ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá tó bá pé. Lẹ́yìn eré, olùkọ́ á dá fídíò dúró síbi tí àyà ọmọ kọ̀ọ̀kan ti kan ilà, á ka àwòrán tó wà láàárín rẹ̀ àti ìgbà tí iná ṣẹ́jú kẹ́yìn. Bí ìṣẹ́jú àáyá kejìlá bá ti kọjá, tí àyà ọmọ sì kan ilà ní àwòrán 27 lẹ́yìn rẹ̀, ẹ pín 27 sí 240, 0.1125 ni, a gbé e sókè bí òfin ṣe wí, 12.12 ni. Bí fóònù náà bá tilẹ̀ ń yára tàbí ń falẹ̀ díẹ̀, kò ní bàjẹ́, torí iná ń tún un ṣe ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá. Gbogbo ọmọ tó sáré ni yóò ní iye tirẹ̀, ẹni tó ṣe ìkẹjọ pẹ̀lú. Bí bàbá kan bá sì fẹ́ jà pé ọmọ òun ni wọ́n fi ìwà ìbàjẹ́ rẹ́ jẹ, ẹ fi àwòrán hàn án.

Eré tó gùn ní ìṣòro tirẹ̀. Pápá ilé ẹ̀kọ́ wa kì í sábàá tó mítà 400, nítorí náà ọmọ tó ń sá mítà 1500 lè yí i ká lẹ́ẹ̀márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olùkọ́ kan á jókòó pẹ̀lú bébà àti bírò, á máa fa ilà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó wà níwájú bá ti yí ẹni ẹ̀yìn ká, ọ̀rọ̀ á dàrú, a ó sì gbọ́ pé ọmọ kan dúró nígbà tó ku róńdù kan. A lè so bíkọ́nù Bluetooth kékeré mọ́ ọwọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí àpótí máa gbọ́ ọ bó ṣe ń kọjá. Kò péye tó láti fi ka àkókò ìparí, ṣùgbọ́n ó péye tó láti mọ róńdù tí kálukú wà, kóòṣì á sì lè rí i pé ọmọ òun sá róńdù àkọ́kọ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé, tó wá rẹ̀ ní ẹ̀kẹta.

Nígbà tí mo sì ń sọ̀rọ̀ pápá, ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n fi téèpù irin wọn ọgọ́rùn-ún mítà náà. Èyí tí wọ́n fi ìgbésẹ̀ wọ̀n pọ̀ ju ohun tó yẹ kí a máa rí lọ, aago tó dára jù lọ láyé kò sì lè gba ọmọ tó sá mítà 96.

Mo fẹ́ sọ ohun tí ẹ̀rọ yìí kò lè ṣe pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má bàa tan yín jẹ. Kò lè gba àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè tàbí ti àgbáyé wọlé. Kò wọn afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ sì ṣe kókó: ní Eugene yẹn kan náà, nínú àṣekágbá, Tóbi Amúsàn sá 12.06, kò sì wọ inú àkọsílẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tó ń tì í láti ẹ̀yìn jẹ́ mítà 2.5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó kọjá 2.0 tí òfin fàyè gbà. Iṣẹ́ tí aago tiwa máa ṣe ni pé kí iye tí a kọ fún ọmọ ní Ìsẹ́yìn lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí a kọ fún ọmọ ní Ìkàrẹ́, kí ẹni tó bá ń yan ọmọ lè mọ ẹni tó yẹ kó yàn.

Ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ 137. Àpótí méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó 300. Ẹ má rà á wá láti òkèèrè. Ẹ̀rọ tí a bá rà wá báyìí, bí wáyà rẹ̀ kan bá já, inú sítọ́ọ̀ ni yóò parí ayé rẹ̀ sí, torí kò sẹ́ni tó mọ inú rẹ̀. Ẹ gbé e fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò NABTEB nínú iṣẹ́ ẹ̀lẹ́kítíróníìkì ń jó lẹ́ẹ̀dì sórí pátákó tí kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ìdánwò. Ẹ jẹ́ kí èyí jẹ́ iṣẹ́ àṣekágbá wọn. Ọjà Ìkẹjà àti ti Alábà ní ohun tí wọ́n máa lò. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà á ṣe òpó, àwọn wẹ́dà á ṣe ìdí rẹ̀, ọmọ tó ṣe àpótí á sì wà ní pápá lọ́jọ́ inter-house láti tọ́jú rẹ̀, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lára ẹ̀rọ náà.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín kò pọ̀. Kí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi ẹnu kò sórí àwòrán kan ṣoṣo, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ má jẹ́ kí kọngílá kankan sọ ọ́ di tirẹ̀. Kí ẹ jọ ra àwọn ẹ̀yà rẹ̀ lápapọ̀, torí ọjà olówó ńlá máa ń mú ẹ̀dínwó wá. Kí ẹ dá olùkọ́ kan lẹ́kọ̀ọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ sì pàṣẹ pé gbogbo èsì eré ilé ẹ̀kọ́ gbọdọ̀ sọ bí wọ́n ṣe kà á: ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò ná yín ní kọ́bọ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bí ẹ bá ń ṣe iyèméjì, ẹ dán wa wò. Abẹ́òkúta gba àlejò Ìdíje Eré Ìdárayá Àpapọ̀ Orílẹ̀-Èdè ní ọdún 2025, àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ ẹ̀rọ gidi sì wà láàárín wa. Ní ọjọ́ ìdíje èyíkéyìí tí photo-finish bá wà ní pápá MKO Abíọ́lá níbẹ̀, ẹ fún wa láyè láti gbé àpótí wa kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ká ka eré kan náà láti àárọ̀ títí eré fi máa parí. Ẹ gba ìwé méjèèjì lọ́wọ́ wa ní ìrọ̀lẹ́, ẹ yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju 0.02 ìṣẹ́jú àáyá lọ, ẹ dá wa padà sílé pé ká lọ tún un ṣe. Tẹ́ẹ̀mù kejì ni inter-house máa ń wáyé, nítorí náà, bí ẹ bá fún wa lọ́jọ́ kí Kérésìmesì tó dé, àyè á ṣì wà láti ṣe é tán kí inter-house tó dé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ físíìsì kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú